Orí Keje: Ibi Tí À Ń Sọ Ẹrù Sí

Ara èèyàn kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀tá tó dúró síwájú ẹni àti ọ̀tá tí à ń rò lórí ibùsùn. Ẹ wo ẹni tó ta jí ní aago méjì òru, tó wá rántí àbúrò bàbá rẹ̀ tó ta ilẹ̀ ogún mọ́ wọn lẹ́yìn. Àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, èémí rẹ̀ á gé kúrú, á máa payín keke, oorun á sì dá. Wọ́n ti kọ́ ilé sórí ilẹ̀ náà, ayálégbé ti gbé ibẹ̀ títí wọ́n ti kó jáde. Àbúrò bàbá pàápàá ti kú. Síbẹ̀, ara ti di àmùrè ìjà.

Walter Cannon, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní Harvard, ṣàlàyé ìmúra ogun yìí nínú ìwé kan ní 1915, àwọn tó tẹ̀ lé e sì ti fi kún un. Bí ọpọlọ bá ti fura sí ewu, á ránṣẹ́ sí àwọn ẹṣẹ́ kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín. Wọ́n á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, cortisol á sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Adrenaline ló ń mú ọkàn sáré, tó ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè. Cortisol ló ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó tú ṣúgà síta kí iṣan lè rí nǹkan lò. Òun náà ló ń dá iṣẹ́ tí kò kánjú dúró nínú ara, irú bíi dída oúnjẹ àti títún ojú ọgbẹ́ ṣe. Ètò tó dára gan-an ni. Òun ló ń yọ ọmọ tó ń sọdá títì lọ́wọ́ ọ̀kadà tó ń sáré bọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ewu á kọjá, ara á sì rọlẹ̀.

Wàhálà wà nígbà tí ewu kò bá kọjá, nítorí pé inú orí ló ń gbé. Robert Sapolsky, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa ṣọ́ àwọn ìnàkí nínú igbó Kẹ́ńyà, kọ ìwé kan ní 1994 lórí ìdí tí ọgbẹ́ inú kì í fi í ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Kìnnìún lé e, ó bọ́, kò pẹ́ sí i ó ti ń jẹ koríko padà. Àwa ni kìnnìún kan ṣoṣo lè máa lé fún ogún ọdún. Bruce McEwen àti Eliot Stellar fún àpapọ̀ ìpalára tí irú eré bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ara lórúkọ ní 1993. Wọ́n pè é ní allostatic load. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí kò rọlẹ̀ mọ́ á máa ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ṣúgà tí a tú síta tí a kò sáré fi jó á máa jókòó sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá á máa gbára jọ sí ikùn. Oorun tí kò tó á tún mú ọ̀ràn náà burú sí i. Èmi kò sọ pé ìrònú nìkan ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà o. Iyọ̀ wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀, ohun tí a bá nínú ìdílé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn tó sì ń fi òru jà ń fi ọwọ́ ọ̀tún tú ohun tó fi ọwọ́ òsì dì.

Kí wá ni ká ṣe? Gbogbo wa la ti gbọ́ ìmọ̀ràn náà: ẹ mọ́kàn kúrò níbẹ̀, ẹ gbàgbé ẹ̀, ẹ fi í fún Ọlọ́run. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò gbèrò ibi. Àmọ́ ìmọ̀ràn náà kò sọ ibi tí ẹrù yóò balẹ̀ sí. Ní ọjà Bódìjà, alábàárù tó ru àpò ẹ̀wà kì í dédé jù ú sílẹ̀. Á dúró, á tẹ eékún díẹ̀, á ké sí ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù pé kó bá òun sọ ọ́. Onítọ̀hún á di etí àpò mú, àwọn méjèèjì á sì gbé e lé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹrù tó bá wúwo nílò ọwọ́ kejì, ó sì nílò ibi pàtó tí yóò jókòó sí. Ohun tí mo ní láti sọ nínú orí yìí nìyẹn, yálà ẹrù inú ni o, yálà ti ẹ̀mí, yálà ti ohun ìní: agídí ọkàn kì í gbé e kúrò. Ìwé, etí ẹlòmíràn tàbí ilé ẹlòmíràn ló ń gbà á.

Daniel Wegner fi èyí hàn gbangba ní Texas ní 1987. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n máa sọ gbogbo ohun tó bá wá sọ́kàn wọn, kí wọ́n má ṣáà ti ronú kan béárì funfun. Bó bá wá sọ́kàn wọn, kí wọ́n lu aago. Wọ́n ń lu aago náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó wá gbà wọ́n láyè pé kí wọ́n máa ronú nípa béárì náà, ó wọ́ wá sọ́kàn wọn ju bó ṣe wá sọ́kàn àwọn tí wọn kò dá lẹ́kun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó ń lé èrò kan jáde gbọ́dọ̀ máa yẹ ilẹ̀kùn wò bóyá ó ti padà dé, yíyẹ̀wò yẹn gan-an ló sì ń mú un wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá ti gbìyànjú láti gbàgbé ohun kan tí ẹ kò rí i gbàgbé, kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ yín kò tó. Bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ìwé ni ibi tó rọrùn jù láti kọ́kọ́ sọ ẹrù sí. Ní Yunifásítì Baylor, Michael Scullin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀dọ́ 57 sí yàrá oorun wọn, wọ́n sì so wáyà mọ́ wọn lórí láti mọ ìgbà tí oorun gbé wọn lọ. Kí wọ́n tó pa iná, àwọn kan kọ ohun tí wọ́n ti ṣe tán sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn yòókù kọ ohun tó kù tí wọ́n fẹ́ ṣe. Àwọn tó kọ ohun tó kù ló yára sùn, bí wọ́n bá sì ṣe kọ ọ́ ní kíkún tó ni oorun ṣe ń yá wọn tó. Èsì náà jáde ní 2018. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2011, E. J. Masicampo àti Roy Baumeister ti rí i pé iṣẹ́ tí a kò parí máa ń dí èèyàn lọ́wọ́ bó ṣe ń kàwé, ṣùgbọ́n tó bá ti kọ ọjọ́ àti ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é, ọkàn rẹ̀ á fi í lọ́rùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ṣe é.

Ìwé ìkọ̀wé olójú-ewé ogójì tí àwọn ọmọ fi ń lọ sílé ìwé ti tó. Ẹ má kọ “gbèsè” lásán síbẹ̀, nítorí gbèsè kò ní ọwọ́ kò ní ẹsẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Mo jẹ ìyá alájọ ní ₦20,000. Lọ́jọ́ Sátidé, kí n tó lọ sọ́jà, n ó mú ₦5,000 lọ, n ó sì bẹ̀ wọ́n fún oṣù mẹ́ta.” Gbèsè náà kò tíì dín kù, ṣùgbọ́n ó ti ní ọjọ́, ó ti ní iye, ó ti ní ẹni tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ọpọlọ lè yéé ṣọ́ ọ.

Ti ọgbẹ́ ọkàn yàtọ̀ sí ti gbèsè, nítorí kò sí ọjọ́ tí a ó san án tán. James Pennebaker àti Sandra Beall ló fi ìyẹn náà sórí ìwé. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 46 kọ̀wé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́ mẹ́rin tó tẹ̀ léra. Àwọn kan kọ nípa nǹkan yẹpẹrẹ, àwọn kan kọ nípa ohun tó dùn wọ́n jù láyé. Àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lára wọn kò gbádùn rẹ̀ rárá; inú wọn bàjẹ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn gòkè díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn iléèwé tó àwọn yòókù. Èsì yẹn jáde ní 1986. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti wáyé lẹ́yìn rẹ̀, àpapọ̀ wọn sì fi hàn pé àǹfààní náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tóbi. Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí ẹ fi ń sunkún. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù kí ará ilé má bàa kà á, ẹ ya á tàbí kí ẹ sun ún; kíkọ ọ́ ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe títọ́jú rẹ̀.

Lórí ìdáríjì, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣókí, nítorí ọ̀pọ̀ ìwàásù ti kọjá lórí rẹ̀. Ní Hope College ní Michigan, Charlotte vanOyen Witvliet so ẹ̀rọ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 71, ó sì ní kí kálukú ronú nípa ẹnì kan tó ṣẹ̀ ẹ́ ní tòótọ́. Nígbà tí wọ́n ń pọ́n ìbínú náà lẹ́nu, ọkàn wọn ń yára lù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ń lọ sókè, òógùn ń mú wọn, iṣan tó ń mú ojú ro sì ń fún pọ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbìyànjú láti rí ọ̀daràn náà bí èèyàn tí àṣìṣe lè ti ọwọ́ rẹ̀ wá, ara wọn rọ̀. Èsì náà jáde ní 2001. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀daràn náà kò sí nínú yàrá. Kò tọrọ àforíjì, kò sì mọ̀ pé wọ́n ń rò ó.

Ìdáríjì kò sì túmọ̀ sí pé ká padà sílé ẹni tó ń lù wá. Kò ní kí a má lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kò ní kí a fa ẹjọ́ ilẹ̀ kúrò ní kóòtù. Everett Worthington, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ìdáríjì, ni wọ́n pa ìyá rẹ̀ nínú ilé ìyá náà ní ìparí ọdún 1995. Ó jẹ́wọ́ pé ìbínú òun kọ́kọ́ le débi pé òun fẹ́ fi igi lu apànìyàn náà pa. Ó dárí jì í nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò sọ láéláé pé kì í ṣe ọ̀ràn. Nílé tiwa, iṣẹ́ ọwọ́ kejì níbí ni ti àgbà ẹbí tó bá lè pe tọ̀tún-tòsì jókòó, tó lè gbọ́ ẹjọ́ títí dé òpin láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí ẹni tí a rẹ́ jẹ ń fẹ́ jù ni kí ẹnì kan gbà, lójú gbogbo ẹbí, pé wọ́n rẹ́ òun jẹ lóòótọ́.

Ẹrù kan wà tó wúwo ju ti ọmọ aráyé lọ lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ẹrù tí a gbà pé ọ̀run ló dì í fún wa. Ìyá kan ń ṣàìsàn, wọ́n sọ fún un nílé àdúrà pé ọwọ́ ayé ni. Ọkùnrin kan jẹ́ ẹ̀jẹ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ. Ọmọ yè, kò rí owó san ẹ̀jẹ́, láti ìgbà náà gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ́ ló ń jà. Obìnrin kan ṣẹ́ oyún nígbà tó wà lọ́mọge, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì gbà pé Ọlọ́run ti kẹ̀yìn sí òun. Èmi kò kọ ìwé yìí láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ara ló kàn mí, nítorí wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

Kenneth Pargament àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé aláìsàn 596 tó ti pé ọmọ ọdún 55 sókè ní ìlú Durham, North Carolina, fún ọdún méjì, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2001. Wọ́n yọ bí àìsàn kálukú ṣe le tó kúrò nínú ìṣirò. Àwọn tó ń rò ó bóyá Ọlọ́run ti kọ àwọn sílẹ̀, àwọn tó ń ṣiyèméjì bóyá Ó ṣì fẹ́ràn àwọn, àti àwọn tó gbà pé Sátánì ló gbé àìsàn náà wá, ewu ikú wọn láàárín ọdún méjì náà fi ìdá 19 sí 28 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Ìwádìí kan ṣoṣo kò lè fi ìdí múlẹ̀ pé èrò náà ló pa wọ́n. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ kọ́, nítorí àdúrà ń tu ọ̀pọ̀ aláìsàn lára. Ohun tó ń wúwo ni kí èèyàn dá wà pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé òun ti di ẹni ìtanù.

Dídá wà yẹn ni dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lambo kọjú ìjà sí ní Abẹ́òkúta ní 1954. Wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró tán nígbà tó gba àkóso rẹ̀. Kàkà kó máa retí ilé, ó bá àwọn bálẹ̀ abúlé tó yí Aró ká sọ̀rọ̀, ó sì fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, ìyá tàbí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Wọ́n ń gba oògùn òyìnbó, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá Lambo ṣiṣẹ́, nítorí ó mọ̀ pé aláìsàn tó gbà pé wọ́n sa sí òun kò ní sinmi lórí abẹ́rẹ́ nìkan. Nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣì ń ti irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ògiri, ọmọ Abẹ́òkúta ló ń fi wọ́n sáàárín àdúgbò. Àwọn onímọ̀ ti òkè òkun wá kọ́ ọgbọ́n rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní 2020, Oyè Gúrèjé ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde láti Nàìjíríà àti Gánà: níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti ń lọ bá aláìsàn ọpọlọ nínú ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ilé àdúrà, ara aláìsàn yá ju níbi tí kálukú ti ń dá tirẹ̀ ṣe.

Nítorí náà, ẹ wá ẹni tí ẹ lè sọ ọ́ fún: àlùfáà, imáàmù, babaláwo, ìyá ìjọ, ẹnikẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ kì í jò. Ẹ̀jẹ́ tí ẹ kò rí san, ẹ padà síbi tí ẹ ti jẹ́ ẹ, kí ẹ ṣàlàyé agbára yín. Mo ti rí àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ yí padà lórí ìjókòó nígbà tí àlùfáà sọ fún un pé kó mú ohun tó bá ní wá. Ṣùgbọ́n olórí ẹ̀sìn tó bá ní kí ẹ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì kí ìgbàgbọ́ yín lè hàn, ẹ sá fún un. Èyí tó bá ń fi ìbẹ̀rù tuntun kún ti àtijọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kò bá yín sọ ẹrù, ó ń dì í kún un ni.

Ẹrù ohun ìní la kì í kà sí ọ̀rọ̀ ìlera rárá, bẹ́ẹ̀ òun lojú rí jù. Ẹ wo yàrá ìkẹ́rùsí ilé kan: fìríìjì tí kò tutù mọ́, jẹnẹrétọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì, àpótí aṣọ ẹbí tó ga dé àjà, ìwé ilé-ìwé ọmọ tó ti di ìyá ọlọ́mọ, táyà ògbólógbòó lẹ́yìn ilé. Omi òjò inú táyà ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri ń yé ẹyin sí. Ẹ̀yìn àpótí ni eku ń bímọ sí. Wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀ ní 1969 ní ìlú tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní Bọ̀nó, ṣùgbọ́n lónìí ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e, tó bá bọ́ sórí gàrí tàbí ìrẹsì tí a kò dé. Ilé tí eku kò rí ibi sá pamọ́ sí ń dáàbò bo ara rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti káńfọ̀ roboto tí à ń jù sáàárín aṣọ, èyí tí naphthalene wà nínú rẹ̀. Ìyá á di aṣọ àkọ́bí mọ́ káńfọ̀ fún ọdún mélòó kan, á wá tú u fún ọmọ tuntun. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wa ló wáyé láìní èròjà ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ G6PD tó bó ṣe yẹ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀ náà símú tàbí tó bá gba awọ ara rẹ̀ wọlé, àwọn ẹ̀yà pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa bẹ́, ojú àti ara á pọ́n rúsúrúsú, ọpọlọ lè bàjẹ́, ọmọ sì lè kú. Ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọdé rárá. Aṣọ tí ẹ ti fi sí tẹ́lẹ̀, kí ọmọ tuntun má wọ̀ ọ́.

Kí ló dé tó fi ṣòro láti yọ̀ǹda ohun tí a kò lò mọ́? Ní 1990, Daniel Kahneman, Jack Knetsch àti Richard Thaler gbé èsì ìdánwò kan jáde. Wọ́n pín ife ìmumi fún ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n sì ní kí wọ́n tà á fún ìdajì yòókù. Àwọn tó ni ife ń béèrè nǹkan bí ìlọ́po méjì iye tí àwọn olùrà fẹ́ san, bẹ́ẹ̀ kò tíì pẹ́ tí ife náà dé ọwọ́ wọn. Ohun tó bá ti di tiwa, ojú wa á fẹ́ ẹ. Ìbéèrè tó ń ṣí ojú náà ni pé: bí n kò bá ní jẹnẹrétọ̀ yìí, èló ni màá fi rà á báyìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ òfo, ẹ pe àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra kọ̀ǹdẹ́mù. Aṣọ ẹbí tí kò bá yín lára mu mọ́ á bá ẹlòmíràn mu. Àwọn kan wà tí kò lè yọ̀ǹda ohunkóhun, títí dórí ọ̀rá omi, tí ilé wọn kò ní ọ̀nà ìrìn mọ́. Láti 2013 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti fi í sínú ìwé àìsàn wọn gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró. Bí ẹ bá fi ipá kó ẹrù irú wọn dànù, ẹ̀ ń dá kún àìsàn náà ni. Ìtọ́jú ni wọ́n ń fẹ́.

Mo ní láti sọ èyí pẹ̀lú: gbogbo ẹrù kọ́ ló yẹ ní jíjù. Ọ̀fọ̀ kì í ṣe àìsàn. Ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ẹ̀rín. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé wa, ẹbí máa ń péjọ pín aṣọ olóògbé lẹ́yìn ìsìnkú, ọgbọ́n sì wà níbẹ̀, nítorí kì í ṣe opó nìkan ló dojú kọ àpótí náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má kó o kúrò lójú rẹ̀ kó tó ṣe tán. Bákan náà, ìyá arúgbó tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀ kì í ṣe ẹrù tí à ń sọ̀. Ohun tó yẹ ká sọ̀ ni àṣà tó fi gbogbo rẹ̀ lé ọmọbìnrin kan lórí nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù. Kí wọ́n wá gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sùn.

Ìgbà kan wà tí ìwé àti etí ẹlòmíràn kò ní tó. Bí oorun bá ti dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò wọlé, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ yín kò dùn mọ́, tí iṣẹ́ kò ṣeé ṣe, àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì lè ti wọlé, ó sì ní ìtọ́jú. Bó bá ń ṣe yín bíi pé ikú ló sàn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Aró ṣì wà ní Abẹ́òkúta, àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ, dókítà tó bá sì wà nítòsí yín lè kọ ìwé tí ẹ ó mú lọ. Ẹ mú ẹnì kan dání, nítorí ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì kì í rántí ìdajì ohun tí dókítà bá sọ. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò lọ́wọ́, títí kan àgbo àti àgúnmu, kí dókítà lè fojú rí wọn kó tó kọ tirẹ̀.